Ohun tí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ àti Ohun tí Kò Lè Sọ: Àyẹ̀wò Láàbù nínú Ìwádìí Àrùn Fòníkú-fọ̀ladìde

1. Ìfáàrà

Lójú ọ̀nà tí ó ti Sango-Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò, ní àgbègbè Ìyànà Ìyèsí, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ṣòro láti rí. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lọ síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ síbẹ̀, àwọn tí ń múra ìgbéyàwó náà ń lọ. Ohun tí àwọn tí a dárúkọ kẹ́yìn wọ̀nyí ń wá kò ju lẹ́tà méjì lọ: AA, AS, AC, SS tàbí SC. Ìwé pélébé tí a kọ lẹ́tà méjì náà sí ni àwọn òbí àti àwọn àlùfáà yóò wò kí wọ́n tó sọ pé kí ìgbéyàwó máa lọ tàbí kí ó dúró. Ọ̀pọ̀ àfẹ́sọ́nà ni ó ti tú ká nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń béèrè bí lẹ́tà náà ṣe dé orí ìwé, tàbí ohun tí ó lè sọ ọ́ di lẹ́tà mìíràn.

Ìbéèrè yìí ni bébà yìí dá lé lórí. Ohun tí a pè ní àyẹ̀wò níhìn-ín ni ọ̀nà tí ó ní ìwọ̀n àti ìlànà, tí onímọ̀ fi ń bi ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tàbí èròjà inú ara ní ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ẹlòmíràn tí ó bá tẹ̀lé ìlànà kan náà yóò sì gba ìdáhùn kan náà. Ìdáhùn náà lè jẹ́ àwọ̀ tí ó yí padà, ìlà tí ó hàn lórí bébà, tàbí iye sẹ́ẹ̀lì tí a kà lábẹ́ awò. Àyẹ̀wò kì í sọ ju ohun tí a bi í lọ. Ibi tí ìwádìí ìṣègùn ti sábà máa ń ṣìnà ni ibi tí àwọn olùwádìí ti mú ìdáhùn ìbéèrè kan fi dáhùn òmíràn, àṣìṣe yìí kò sì mọ sí ilé àyẹ̀wò kékeré ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ilé ìwádìí ńláńlá ti ṣe irú rẹ̀.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni a mú ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́nà kìn-ín-ní, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní jínótáìpù AS. Lọ́nà kejì, díẹ̀ lára àwọn àyẹ̀wò tí ó là ọ̀nà fún ìmọ̀ àgbáyé lórí àrùn yìí àti lórí ibà, ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìmọ̀ ìṣègùn nínú ìwé òyìnbó kì í sábà mọ èyí, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

2. Láti orí sẹ́ẹ̀lì dé orí èròjà inú rẹ̀

Àwọn Yorùbá ti mọ àrùn náà kí láàbù tó dé. Orúkọ rẹ̀ fi ìṣesí rẹ̀ hàn: ẹni tí ó ń ṣe yóò dà bí ẹni tí yóò kú lónìí, bí ó bá sì di ọ̀la, yóò dìde. Wọ́n mọ ìrora eegun rẹ̀, wọ́n mọ ojú tí ń pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ onítọ̀hún. Àwọn olùwádìí kan gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú ni ó jẹ́ pé àrùn yìí ni ó pa wọ́n. Èrò náà bọ́ sójú ọ̀nà, bí a kò bá ti sọ pé gbogbo àbíkú ni; ibà nìkan tó láti pa ọmọ mẹ́ta tẹ̀léra nínú ilé kan.

Ní 1910 ni James Herrick, oníṣègùn ní Chicago, kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tẹ̀ bí dòjé, èyí tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ní 1927, Hahn àti Gillespie fi hàn pé bí ọ́síjìn bá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tẹ̀, bí ọ́síjìn bá sì padà dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún yí bírípo. Láti ibẹ̀ ni ohun tí Herrick kàn ṣàkíyèsí ti di ohun tí ènìyàn lè mú ṣẹlẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́. Ní 1948, Daland àti Castle mú un rọrùn sí i: wọ́n fi omi èròjà sodium metabisulphite, tí ń fa ọ́síjìn mu, po ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n bò ó, wọ́n sì wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù láìpẹ́. Kò ná ènìyàn lówó púpọ̀, kò sì béèrè iná mànàmáná bí oòrùn bá mọ́lẹ̀ dáadáa sí dígí awò.

Àmọ́ kí ni àyẹ̀wò yìí ń béèrè? Ó ń béèrè bóyá himoglóbìn S wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ó jẹ́ SS yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ti ẹni tí ó jẹ́ AS náà yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan jẹ́ aláìsàn, èkejì lè gbé ayé rẹ̀ títí dé ogbó láìmọ̀ pé òun ní ohunkóhun. Ẹni tí ó bá fi ìdáhùn yìí nìkan sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan pé ó ní àrùn ti sọ ohun tí àyẹ̀wò kò sọ. Bákan náà ni ti ọmọ ọwọ́: Janet Watson ṣàkíyèsí ní 1948 pé sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ tuntun kì í tẹ̀ púpọ̀, nítorí himoglóbìn inú oyún, tí à ń pè ní F, ṣì pọ̀ nínú wọn. Àyẹ̀wò tí ó ní kò sí nǹkan lára ọmọ oṣù kan lè rí nǹkan nígbà tí ọmọ náà bá pé ọdún kan.

Ní 1949 ni Linus Pauling, Harvey Itano, Singer àti Wells, ní California, béèrè ìbéèrè mìíràn. Wọn kò bi sẹ́ẹ̀lì mọ́. Èròjà inú rẹ̀ ni wọ́n bi. Wọ́n fi himoglóbìn sínú omi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, wọ́n sì wo ibi tí ó forí lé. Ti aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kò rìn bákan náà. Ti ẹni AS sì pín sí méjì, apá kan bá ti aláìsàn lọ, apá kejì bá ti aláìlárùn. Àyẹ̀wò yìí ni a ń pè ní electrophoresis. Nínú ọdún kan náà ni James Neel fi ìdílé àwọn aláìsàn ṣe ẹ̀rí pé ọmọ tí ó jẹ́ SS ti gba S láti ọ̀dọ̀ bàbá, ó sì ti gba S láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Ìdí tí wọn kò fi rìn bákan náà hàn ní 1956 àti 1957, nígbà tí Vernon Ingram ní Cambridge gé himoglóbìn sí wẹ́wẹ́ tí ó sì tẹ́ wọn sórí bébà. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ásíìdì amínò 146 tí ó wà lórí okùn béta ni ó yàtọ̀. Ní ipò kẹfà, glutamic acid ni ti A. Ó gbé iná nẹ́gétíìfù. Valine ni ó wà níbẹ̀ nínú S, valine kò sì gbé iná kankan. Nínú C, lysine ni, èyí tí ó gbé iná pọ́sítíìfù. Nítorí náà, bí a bá gbé gbogbo wọn sórí bébà cellulose acetate nínú omi tí pH rẹ̀ tó 8.4 sí 8.6, A ni yóò ṣáájú lọ sí ọ̀dọ̀ pọ́sítíìfù, S yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, C yóò sì kẹ́yìn gbogbo wọn. Ìlà mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ láàbù ń wò lórí bébà pélébé kò ju èyí lọ: ta ni ó yá, ta ni ó fà sẹ́yìn.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí C, nítorí pé ó kan ilẹ̀ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Nàìjíríà lọ. Himoglóbìn C wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà; ó pọ̀ díẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá ti kọjá Odò Ọya lọ sí ìlà-oòrùn, ó di ọ̀wọ́n. Bí ọkọ bá jẹ́ AS tí aya sì jẹ́ AC, wọ́n lè bí ọmọ SC, tí òun náà ní àrùn dòjé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà le tó ti SS. Àyẹ̀wò sodium metabisulphite kò lè rí C rárá. Ẹni tí ó jẹ́ AC yóò jáde níbẹ̀ bí AA. Inú ìjákulẹ̀ yìí ni àwọn òbí kan ti gba ọmọ tí wọn kò retí.

Electrophoresis náà ní ibi tí ojú rẹ̀ ń mọ. Ní pH tí a dárúkọ yẹn, S àti D máa ń rìn pọ̀, C àti A2 máa ń rìn pọ̀. Láti yà wọ́n, onímọ̀ ní láti tún un ṣe nínú omi tí ó kan, pH 6.0 sí 6.2, lórí citrate agar, tàbí kí ó lo ẹ̀rọ HPLC. Bí ẹni tí ó jẹ́ SS bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ó fún un ní ẹ̀jẹ̀ lè wà lára rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bébà yóò sì fi A àti S hàn bí ẹni pé AS ni. Àyẹ̀wò náà kò parọ́ o: A wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn lóòótọ́. Òṣìṣẹ́ tí kò béèrè ìgbà tí aláìsàn gba ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn ni ó jẹ̀bi. Ti iná ọba tí ń lọ láàrin àyẹ̀wò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé; bí ìlà kò bá rìn jìnnà tó, A àti S yóò fara kan ara wọn, ojú a sì máa rí ohun tí ó bá ń wá. Ìdí nìyí tí láàbù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, AA, AS àti AC, sórí bébà kan náà pẹ̀lú ti ẹni tuntun, tí ó sì ń ṣe àyẹ̀wò kejì kí ó tó buwọ́ lùwé. Ẹni tí ìwé kan bá fẹ́ tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì lọ sí láàbù kejì.

3. Ọmọbìnrin tí ó ní ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì: iṣẹ́ Ìbàdàn, 1969

Bí S bá ń pa ọmọ, kí ló dé tí kò tíì tán láyé? Ní 1954, Anthony Allison dá a lábàá pé ibà ni ó fà á: ẹni AS máa ń bọ́ lọ́wọ́ ibà líle, èyí ni ó sì ń jẹ́ kí S máa wà níṣojú ibà. Ó fi kòkòrò ibà sára ọkùnrin 30 láti inú ẹ̀yà Luo ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, 15 tí wọ́n ní S àti 15 tí wọn kò ní. Kòkòrò náà gbilẹ̀ lára 14 nínú àwọn tí kò ní S, ó gbilẹ̀ lára méjì péré nínú àwọn tí ó ní in. Èsì náà lágbára. Lóde òní, kò sí ìgbìmọ̀ ìwà-ọmọlúàbí ìwádìí kan tí yóò gbà kí á mú ibà kó ènìyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, èsì náà kò sọ bí ààbò náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ fún olùwádìí ni pé ènìyàn kì í bá ènìyàn dọ́gba. Bí ọmọ kan bá ní kòkòrò ibà púpọ̀ tí èkejì sì ní díẹ̀, ó lè jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan ń sùn nínú àpò-ẹ̀fọn, tàbí pé ó dàgbà ju èkejì lọ, tàbí pé ìyá rẹ̀ tètè fún un lóògùn. Lucio Luzzatto, Usanga àti Reddy, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, rí ọ̀nà yọ nínú ìṣòro yìí, ọ̀nà náà sì dùn ún gbọ́ títí di òní.

Kì í ṣe S ni wọ́n mú, bí kò ṣe ẹ́ńsáìmù kan tí à ń pè ní G6PD, tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Ó lé ní ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàrin àwọn Yorùbá tí ẹ́ńsáìmù yìí kò tó lára wọn. Àwọn ìyá tí wọ́n ti rí ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ pọ́n rokoso lẹ́yìn tí a wọ̀ ọ́ láṣọ tí a kó káńfọ̀ sí ti rí iṣẹ́ rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Orí kúrómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà. Ọkùnrin ní X kan, obìnrin ní méjì, Mary Lyon sì ti là á yé àwọn onímọ̀ ní 1961 pé nínú sẹ́ẹ̀lì obìnrin kọ̀ọ̀kan, X kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́, èkejì sùn. Ọmọbìnrin tí ó bá gba X tí ó pé láti ọ̀dọ̀ òbí kan, tí ó sì gba èyí tí kò pé láti ọ̀dọ̀ èkejì, sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjì ni yóò máa ṣàn nínú iṣan rẹ̀: èyí tí ó ní ẹ́ńsáìmù àti èyí tí kò ní tó.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀fọn kan náà ni ó jẹ ọmọ náà. Ọjọ́ orí kan náà ni, oúnjẹ kan náà, oògùn kan náà, ìyá kan náà. Bí kòkòrò ibà bá pọ̀ nínú oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan ju èkejì lọ, kò sí ohun tí a lè dá lẹ́bi mọ́ àfi sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà ń ṣe, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ tí ó ń ya sẹ́ẹ̀lì tí ó ní ẹ́ńsáìmù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní, tí kòkòrò ibà sì hàn nínú wọn. Wọ́n wá jókòó, wọ́n kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1969 ni pé kòkòrò náà fi ìlọ́po 2 títí dé ìlọ́po 80 pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó pé ju èyí tí kò pé lọ.

Ẹwà iṣẹ́ yìí kò sí nínú ẹ̀rọ, nítorí pé máíkíróskóòpù àti àwọ̀ ni wọ́n lò. Inú ìbéèrè ni ó wà. Ẹni tí ó ń wí àwáwí pé kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ òun yóò ṣe dáadáa bí ó bá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní 1970, Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ọgbọ́n kan náà bi AS. Wọ́n fi hàn nínú Lancet pé nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni AS tí ibà ń ṣe, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ máa ń yá láti tẹ̀ ju èyí tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀ lọ. Àbá wọn ni pé ara á tètè mú sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ kúrò, kòkòrò inú rẹ̀ a sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára aláìsàn kò pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ohun tí wọ́n lè bi í kò pọ̀. Ìgbà tí Trager àti Jensen ní New York rí ọ̀nà láti máa sin kòkòrò Plasmodium falciparum nínú ife láàbù ní 1976 ni àyè gbà. Ní 1978, Friedman fi àwo bẹ́ẹ̀ hàn pé bí ọ́síjìn bá kéré, kòkòrò inú sẹ́ẹ̀lì AS máa ń kú.

Ọ̀rọ̀ G6PD kò parí síbẹ̀ o. Ní 1985, Usanga àti Luzzatto tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde nínú Nature. Wọ́n sin kòkòrò ibà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ẹ́ńsáìmù tó, ó sì kọ́kọ́ ṣòro fún kòkòrò náà láti gbèrú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti retí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbèrú: ó ti ń ṣe G6PD tirẹ̀. Àwọn kan náà tí wọ́n fi àyẹ̀wò kan sọ pé sẹ́ẹ̀lì yìí ń dí kòkòrò lọ́wọ́ ni wọ́n fi òmíràn sọ pé kòkòrò lè kọ́ bí yóò ṣe là á já. Àlàyé wọn ni pé nínú ara ọmọbìnrin oníṣẹ́ẹ̀lì méjì, kòkòrò ń bọ́ láti inú oríṣi kan sínú èkejì, kò ráyè kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

4. Orín àtà àti àwọn ewé mìíràn

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ohun tí ó wà lẹ́nu àwọn arúgbó ní òwúrọ̀ ni àwọn olùwádìí mú wọ láàbù. Orín àtà, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Zanthoxylum zanthoxyloides, tí wọ́n sì ń pè ní Fagara nígbà náà, máa ń ta lẹ́nu, ó sì máa ń mú ahọ́n kú tipiri. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs kọ̀wé pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì SS tí ó ti tẹ̀ yí bírípo padà. Àyẹ̀wò kan náà tí ń fi sodium metabisulphite tẹ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n yí lórí: dípò kí wọ́n béèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì yóò tẹ̀, wọ́n béèrè ohun tí yóò dá a padà. Ní 1975, Ekong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti New York, kọ sínú Nature nípa èròjà kan tí ìwádìí lórí igi yìí bí, tí òun náà ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti tẹ̀. Nínú ọdún kan náà ni ìròyìn ìwádìí kékeré lára àwọn aláìsàn jáde láti Ifẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àyẹ̀wò yìí ti di ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ewé gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Òtílì gbà á kọjá, ọ̀pọ̀ ewé mìíràn náà sì gbà á. Ó rọrùn jù, àbùkù rẹ̀ nìyẹn: nínú ife, ènìyàn lè da omi ewé tí ó ki bí ó ti wù ú sórí sẹ́ẹ̀lì. Bí ìwọ̀n tí ó ṣiṣẹ́ bá ju èyí tí ó lè dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó gbé àgbo mì, èsì náà kò wúlò fún aláìsàn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò béèrè èyí.

Èyí tí ó rìn jìnnà jù lọ ni Niprisan. Ìdílé Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ó ni àgbo náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì gbé ìmọ̀ wọn fún ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba, NIPRD, ní Àbújá, nígbà tí Charles Wambebe jẹ́ olórí rẹ̀. Ìyèré wà nínú rẹ̀, osùn wà níbẹ̀, kánáfùrù àti ewé ọkà bàbà pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé ohun tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ àti ohun tí a fi ń kun ọmọ ọwọ́ lára ni. Wambebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí lára aláìsàn 82 jáde ní 2001: àwọn kan gba oògùn, àwọn kan gba ayédèrú tí kò ní agbára, wọ́n sì pààrọ̀ ara wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, láìjẹ́ pé aláìsàn tàbí dókítà mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́. Ìrora líle dínkù. Àìtó ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, ìwádìí náà kò sì lè sọ bóyá ẹ̀mí ń gùn sí i, nítorí pé kò béèrè bẹ́ẹ̀.

Ní 2002, Iyamu, Turner àti Asakura ní Philadelphia wá bi àgbo náà ní ohun tí ife lè dáhùn. Nǹkan bí mílígíráàmù 0.05 nínú mílílítà kan ni ó tó láti dín sẹ́ẹ̀lì tí ń tẹ̀ kù sí ìdajì. Àkókò tí himoglóbìn S ń gbà kí ó tó so pọ̀ mọ́ra sì gùn ní ìlọ́po mẹ́fà. Ní 2003, wọ́n gbé e dé ara eku tí a fi jíìnì ènìyàn sí. Ó yẹ kí a kíyè sí ètò yìí: ara aláìsàn ni ó ṣáájú, ife ni ó tẹ̀lé e, nítorí pé ìdílé kan ti ń lo àgbo náà kí onímọ̀ kankan tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ìwé òyìnbó a máa kọ ọ́ bí ẹni pé láti inú ife ni gbogbo oògùn ti ń jáde.

Xechem, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní 2002, Nicosan jáde sí ọjà Nàìjíríà ní 2006, Xechem sì wọ gbèsè ní 2008. Ọjà dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni NIPRD bá ilé-iṣẹ́ May & Baker, tí ilé ìpoògùn rẹ̀ wà ní Ọ̀tà níhìn-ín, ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa pò ó. Níbi tí a bá ti ń po oògùn láti inú ewé, àyẹ̀wò tún ń gba iṣẹ́ mìíràn: ìyèré tí a ká lẹ́yìn òjò àti èyí tí a ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò rí bákan náà, láàbù ilé-iṣẹ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìkòkò tòní bá ti àná mu. Iṣẹ́ yìí kì í gba oríyìn nínú ìwé ìròyìn kankan.

5. Inú ife àti inú ara

Ní 1971, Cerami àti Manning ní Yunifásítì Rockefeller fi hàn pé cyanate, ìwọ̀nba díẹ̀, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì SS tẹ̀. Ó so mọ́ himoglóbìn, ó sì mú kí ó di ọ́síjìn mú ṣinṣin. Nínú ife, kò sí ohun tí ó dára tó o. Láàrin ọdún mélòó kan tí àwọn aláìsàn ti ń lò ó, iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, ojú àwọn mìíràn di ẹlẹ́bòó. Wọ́n pa á tì. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni àyẹ̀wò Cerami bi; kò bi iṣan, kò bi ojú.

A lè rò pé ẹ̀kọ́ àádọ́ta ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù November 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn voxelotor, tí òun náà ń mú kí himoglóbìn di ọ́síjìn mú. Ohun tí wọ́n fi gba àṣẹ náà ni ìwọ̀n himoglóbìn: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ó ti gòkè ju gíráàmù 1 lọ nínú désílítà kan lára ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo ìwọ̀n oògùn tí ó ga jù, àti lára ìdá 7 péré nínú àwọn tí ó lo ayédèrú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ sí i, ara tí ó le sí i. Ó dà bí ẹni pé ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé ìwádìí mìíràn yóò béèrè nípa àlàáfíà aláìsàn fúnra rẹ̀.

Ìwádìí náà dé. Ọ̀kan nínú wọn wáyé láàrin àwọn ọmọdé tí ewu àrùn rọpárọsẹ̀ wà fún, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà wà lára wọn. Ọmọ mẹ́jọ kú nínú àwọn tí ó ń lo voxelotor, méjì kú nínú àwọn tí ó ń lo ayédèrú. Ní ọjọ́ 25 oṣù September 2024, Pfizer, tí ó ni oògùn náà, kó o kúrò lọ́jà gbogbo àgbáyé. Kò sí ẹni tí ó rí àṣìṣe nínú àyẹ̀wò ti 2019: himoglóbìn àwọn tí ó lò ó gòkè lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ti kà á.